Aago Mọ́kànlá Tó Wà Nílé Wa

Nínú ilé wa ní Randburg, lápá àríwá Johannesburg, aago tí ọkọ mi bá fi sọ́wọ́ ni mo fi ń mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí láàárọ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n, àwòkọ sì ni gbogbo wọn. Orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Switzerland wà lára wọn, àmọ́ wọn ò débẹ̀ rí.

Ọjọ́ tí tuntun bá dé, ọjọ́ ọdún ni. Á pe àwọn ọmọ jọ, á gbé e sí wọn létí. Á ṣàlàyé pé ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ aago oníbátìrì máa ń fò lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, àmọ́ pé ti aago tí kò lo bátìrì máa ń yọ́ lọ ni, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń lù lẹ́ẹ̀mẹjọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọkùnrin tí iṣẹ́ ti tán lókun á tún dọmọdé.

Àmọ́ ayọ̀ náà kì í pẹ́. Nígbà tí ọ̀kan dúró, ẹni tó ń tún aago ṣe ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó sì pa á dé. Ó ní òun ò rí ohun tó máa bá a mu. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni ilé fi dákẹ́. Bí owó ilé ìwé bá sì dé, a ò lè tà lára wọn, torí láti ọdún 1997 ni South Africa ti ṣòfin tó de títa ayédèrú ọjà. Bí àlejò bá yìn ín, ọkọ mi á rẹ́rìn-ín, á sì fa apá ẹ̀wù bò ó. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Ohun tí ẹni tó rà á ń rí lẹ́yìn ọjà, ojú rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ń já èmi láyà yàtọ̀. Àwọn olè kan wà ní Johannesburg tí wọ́n ń pè ní "Rolex gang", tí wọ́n máa ń tọ èèyàn lẹ́yìn nítorí aago ọwọ́ rẹ̀. Olè tó na ìbọn síni kì í béèrè bóyá ojúlówó ni. Ẹni tó wọ àwòkọ ń ru ewu olówó láìní owó olówó.

Nígbà tí àkọ́bí wa fẹ́ lọ síbi àríyá ìdágbére ilé ìwé wọn, ó ní: "Dádì, ẹ yá mi ní ọ̀kan. Àmọ́ bí wọ́n bá bi mí ńkọ́?"

Bàbá rẹ̀ dákẹ́ díẹ̀. "Sọ pé àwòkọ ni, àti pé bàbá rẹ fẹ́ràn bí aago ṣe ń ṣiṣẹ́."

Mo ní kó fi í sápò títí á fi wọnú gbọ̀ngàn, bàbá rẹ̀ ló sì fi mọ́tò gbé e lọ, tó gbé e bọ̀. Nígbà tó dé, ẹ̀rín ló ń rín: àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń gbé e sétí.

Láti ìgbà yẹn, kí àlejò tó yìn ín ni ọkọ mi ti ń sọ pé àwòkọ ni. Kò tíì ra ìkejìlá. Ó ń kọ́ bó ṣe máa tún èyí tó dúró ṣe, orí tábìlì tá a ti ń jẹun ló sì tú u sí.