Ta Ni Yóò Jí I?

Owó ni mo rò pé yóò dà mí láàmú. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lépa ìwé àṣẹ oògùn akunnilóorun fún ilé ìtọ́jú eyín mi ní Houston, ìṣirò ni mò ń ṣe lọ́sàn-án lóru. Ọmọ bíbí Ìjagun ni mí, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka owó. Ẹ̀rọ tó ń wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ dé, èyí tó ń wo èémí dé, àgbá ọ́síjìn dé. Obìnrin tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ eyín ní Texas rán wá bẹ̀ wá wò kàn wò wọ́n fìrí ni, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó sì yíjú sí ọmọbìnrin tó ń jókòó ti tẹlifóònù wa.

“Bí áńbúláǹsì bá dé, ilẹ̀kùn wo ni wọ́n máa gbà gbé aláìsàn jáde?”

Ibẹ̀ ni àyà mi ti já.

Ní Texas, ìpele mẹ́rin ni wọ́n pín ọ̀rọ̀ ìkunnilóorun yìí sí. Ìpele 1 kàn ń fi aláìsàn lọ́kàn balẹ̀ ni. Ìpele 2 ni oògùn tí wọ́n ń gbé mì, tí oorun rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ti ìpele 3, inú iṣan ló ń gbà wọlé. Ìpele 4 ni oorun àsùnwọra. Ìpele 3 ni èmi ń wá. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2017, lẹ́yìn tí àwọn kan ti kú lórí àga dókítà eyín tí ariwo sì ti gba ìlú, ló ní kí wọ́n máa wá wo ibi iṣẹ́ ẹni tó bá gba ìpele 2 sókè, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún 5.

Ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ara ènìyàn ò mọ̀ ọ́n. Oògùn kan náà, ìwọ̀n kan náà, tó mú kí ẹnìkan máa tòògbé jẹ́jẹ́, lè gbé ẹlòmíràn dé ibi tí kò ti ní rántí láti mí mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fẹ́ kí ẹni tó gbàṣẹ oorun ìwọ̀nba mọ bí wọ́n ṣe ń fa ẹni tó ti rì jìnnà padà. Gbogbo àyẹ̀wò náà, ibẹ̀ ló ń lọ. Obìnrin yìí ṣí dúrọ́ọ̀ oògùn pàjáwìrì, ó ń gbé ìgò kọ̀ọ̀kan síbi ìmọ́lẹ̀: flumazenil, naloxone, adrenaline, ó ń wo ọjọ́ tí agbára wọn máa tán. Ó bi mí ní ìwọ̀n tí mo máa fún ọmọdé tó wúwo tó báyìí. Lẹ́yìn náà ló ní kí n pa iná. Ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ dákẹ́. Nọ́ọ̀sì mi ò dúró de ẹnikẹ́ni, ó ti fa èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ jáde lábẹ́ tábìlì.

Mo ti fi ìdánrawò gbẹ̀mí àwọn òṣìṣẹ́ mi kí ọjọ́ náà tó pé. Bí a bá ti ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, ọ̀kan á sùn sórí àga, a ó ṣe bí ẹni pé kò mí mọ́. Ọmọ Ìbàdàn kan láàárín wọn ní owó àṣekún ni ará Ìjẹ̀bú ò fẹ́ san. (Mo san án.)

A gba ìwé àṣẹ náà, ṣùgbọ́n bàbá arúgbó kan ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mo gbà. A ti kùn wọ́n lóorun rí, wàhálà kankan ò sí. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n wá, wọ́n ń hanrun. Àfi lójijì tí ìhanrun dáwọ́ dúró. Ẹ̀rọ ọ́síjìn ṣì ń ka 98. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn tàn yín: ẹni tí ọ́síjìn ń gba imú rẹ̀ wọlé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wà bó ṣe wà fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí èémí ti dúró. Ẹ̀rọ èémí ló tètè sọ òótọ́, ìlà rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí n tó la ẹnu, ọmọ Ìbàdàn yẹn ti gbé àgbọ̀n bàbá sókè, ó ń pè wọ́n lórúkọ. Bàbá mí kanlẹ̀, wọ́n lajú, wọ́n ní ṣé a ti ṣetán ni.

Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé dókítà eyín ló gbé oorun yìí jáde. Horace Wells ní kí wọ́n fi gáàsì yọ eyín òun ní Hartford ní oṣù Kejìlá ọdún 1844. Nígbà tó gbé e lọ síta gbangba ní Boston, aláìsàn figbe ta, wọ́n sì fi Wells ṣe yẹ̀yẹ́. William Morton, dókítà eyín bíi tirẹ̀, ló wá fi ether ṣe é yọrí níbẹ̀ lọ́dún 1846. Ta ló bẹ̀ wọ́n wò?

Bí mo bá wálé fún Ojúde Ọba, agbo ilé wa ní Ìjagun a máa kún. Ìlú ti fẹ̀ láti ìgbà tí Yunifásítì Tai Solarin ti dé lọ́dún 2005, ṣùgbọ́n eyín ń ro ọmọléèwé, ó ń ro àgbà. Àbúrò bàbá mi kan, ìkọ́kọrẹ́ ṣì wà níwájú wọn, ní, “Dókítà, ṣáà kùn mí lóorun kí o fà á.” Mo ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun kọ́ là ń kùn lóorun. Wọ́n ní kí n dúró kó dà. Mo ní ìwé Texas ò jẹ́ nǹkan kan nílé, MDCN ló ń fún dókítà níwèé àṣẹ ní Nàìjíríà. “Ìgbéraga òyìnbó!” ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kú lásán tó eyín náà. Wọ́n fà á ní Ìjẹ̀bú-Òde, ojú wọn là kedere, wọ́n sì ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú bú mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ní ilé ìtọ́jú eyín lágbègbè wa fi yàrá tuntun hàn mí. Òun náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kun aláìsàn lóorun, ẹ̀rọ rẹ̀ sì pé. Mo ní kó pa jẹnẹrétọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní NEPA ò ní kí n bá àwọn ṣe é. Mo ní kó ṣáà pa á. Nọ́ọ̀sì ń wo dókítà, dókítà ń wò mí. Àgbá ọ́síjìn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ń ṣí i wà lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ sọ́jà.

Ó pè mí láìpẹ́ yìí. Ó ti ra ẹ̀rọ ìfatọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀, ó sì ti fi okùn so ohun ìṣí àgbá ọ́síjìn mọ́ àgbá náà lọ́rùn. Kò tíì kun ẹnikẹ́ni lóorun. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló ń dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró fún ìdánrawò, wọ́n sì ti ń bi í pé èló ni owó àṣekún.