Ẹni Tí Ó Ní Kò Sí Aṣẹ́gun

Bí èmi àti àbúrò mi bá jà, tí bàbá mi bá dá ẹjọ́ náà tán, ohun tí wọ́n fi máa ń parí rẹ̀ ni "No victor, no vanquished": kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Àwọn olóṣèlú náà fẹ́ràn rẹ̀. Bí kóòtù bá ti dá ọ̀kan nínú wọn láre lórí ìbò, ẹ ó gbọ́ ọ lórí rédíò.

Èmi náà sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìgbò, lọ́jọ́ tí kíláàsì wa borí tiwọn nínú àríyànjiyàn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wá sọ ọ́ lójú bàbá àgbà òun, tí wọ́n ń ta táyà nítòsí ọjà Òkè-Ajé.

Mo ka ìtàn rẹ̀ kí n tó lọ, kí ojú má baà tì mí. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1970, Philip Effiong túúbá lórúkọ Biafra níwájú Ọ̀gágun Yakubu Gowon ní Dodan Barracks, l'Ékòó. Gowon ní kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ní 1958, Saeb Salam ti fi ọ̀rọ̀ náà parí ìjà abẹ́lé ní Lẹ́bánónì. Níbẹ̀, apá kankan ò borí èkejì, wọ́n jọ pín ìjọba ni.

Bàbá náà gbọ́ mi tán. "O kàwé, ọmọ mi. Bàbá mi lówó gan-an ní báńkì kí ogun tó dé. Nígbà tí ogun parí, £20 ni wọ́n kà fún un. Ta ló ní kò sí aṣẹ́gun?"

"Gowon ni, sà."

"Ẹni tó ṣẹ́gun ni."

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ £20 yẹn. Iye yòówù kí ènìyàn ti ní, £20 náà ni. Kọmíṣánnà ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀ nígbà náà ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Àwòrán wọn wà ní pálọ̀ wa. N kò mọ ibi tí mo lè wò.

Bàbá rí i pé ara ń ni mí. Wọ́n ní àwọn ò bú Gowon, pé kò gbé àwọn tó jagun lọ sí kóòtù. "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá ẹ̀mí wa sí. Kò dá owó wa padà."

Bí a ṣe ń bọ̀ ni mo tó bẹ ọ̀rẹ́ mi. Ó ní kí n ra búrẹ́dì àti àkàrà fún òun. Mo rà á.