Àjọ Ló Bí Àjò

Bí àwọn ẹbí wa ní Èjìgbò bá gbọ́ orúkọ àdúgbò tí à ń gbé ní Accra, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Alajo ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ṣé alájọ ni gbogbo yín níbẹ̀ ni, àbí alájò?" Láàárín ọdún kan ààbọ̀ tó kọjá yìí, àjọ àti àjò ló gba ilé wa kan.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe ní Sion, ìlú kan láàárín àwọn òkè Alps ní Switzerland. Ó pè wá lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan pé kí a kó àwọn ọmọ wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ òun, kí wọ́n fojú ara wọn rí yìnyín, kí wọ́n sì kọ́ síkì, eré tí wọ́n ń de pákó gígùn méjì mọ́ bàtà láti yọ̀ wálẹ̀ lórí òkè. Ọmọ wa àgbà, ọmọ ọdún 9, ti ń jó kí fóònù tó kú. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún 5, béèrè bóyá yìnyín náà dùn bíi FanIce.

Ìyá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ni inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ó ní, "Kí ni ènìyàn dúdú ń wá lórí yìnyín?" Mo sọ fún un nípa Kwame Nkrumah-Acheampong, ọmọ Ghana tó kọ́ síkì nínú gbọ̀ngàn kan ní Milton Keynes nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ṣojú Ghana níbi ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Vancouver lọ́dún 2010. Mo dárúkọ Seun Adigun tiwa náà, tí òun àti àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà méjì lọ sí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ní Kòríà lọ́dún 2018. Màmá ní, "Àwọn yẹn lọ gbé orúkọ ìlú wá. Kí lẹ̀yin fẹ́ lọ gbé wá?" N kò rí èsì fọ̀.

Èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò ìrìn-àjò náà. Iṣẹ́ ìròyìn àti ìtumọ̀ èdè ni mò ń ṣe, wọ́n sì gbà pé ẹni tó ń fi ìwé jẹun kò lè ṣi ìwé kọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin. Físà kan náà ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní Schengen. Orílẹ̀-èdè tí ènìyàn máa pẹ́ sí jù ni yóò kọ̀wé sí, kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ ti kọ́kọ́ balẹ̀. Ọkọ̀ tiwa máa gba Amsterdam, ṣùgbọ́n Switzerland là ń lọ, nítorí náà Switzerland la gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí. A kò lè kọ ọ́ kí ìrìn-àjò tó ku oṣù 6, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó ku ọjọ́ 15 kí a tó kọ ọ́. Àgbàlagbà ń san 90 yúrò, ọmọ ọdún 6 sí 11 ń san 45, ẹni tí kò tíì pé ọdún 6 kò san nǹkan kan. Bí wọ́n fún ọ, bí wọn ò fún ọ, owó náà ti lọ.

Mo gbé ọ̀rá ìwé wa sọ̀ kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ní Alajo, a kì í tọ́jú ìwé sísàlẹ̀, nítorí bí òjò bá pọ̀ tí odò Odaw sì kún, omi máa ń wọlé báni. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà wa wà níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí ìbí àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Nítorí Ghana là ń gbé, ìwé ìgbélùú wa gbọ́dọ̀ bá wọn lọ, láti fi hàn pé òfin mọ̀ wá níbẹ̀, àti pé a nílé tí a ó padà sí. Gbogbo rẹ̀ pé. Ọ̀rọ̀ kù sórí àkọsílẹ̀ báńkì.

Ọkọ mi ń tún fóònù ṣe ní Circle. Owó ń wọlé, ṣùgbọ́n orí fóònù ló ń gbà wọlé, orí fóònù náà ló ń gbà jáde. Èyí tó bá ṣẹ́kù, alájọ máa ń wá gbà á nírọ̀lẹ́. Èsúsú ni àwa ń pè é, susu ni àwọn ará Ghana ń pè é. Owó náà dájú, àmọ́ kò sí ní báńkì, ẹni tó ń yẹ ìwé físà wò kò sì lè rí ohun tó wà nínú ìwé alájọ. Bí ẹ bá wo àkọsílẹ̀ báńkì wa, ẹ ó rò pé ebi ń pa wá.

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan mú ọkùnrin kan wá. Ó ní òun máa ti owó gọbọi sínú àkáǹtì wa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, báńkì á tẹ àkọsílẹ̀ fún wa, òun á sì kó owó òun padà. A kàn máa fún òun lówó iṣẹ́ ni. Ọkọ mi wò mí. Ó ní, "Gbogbo ayé ló ń ṣe é." Mo ní, "Bàbá Ayọ̀, èmi ni mo máa fọwọ́ sí ìwé pé òtítọ́ ni." A jiyàn títí ohùn wa fi ròkè.

Màmá jáde láti inú yàrá, ó jókòó. Lagos Town ni wọ́n bí i sí, àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Accra New Town lónìí, nítòsí wa níbí. Bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ 2, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó fi Ghana sílẹ̀. Ọmọ ọdún 9 ni Màmá nígbà náà. Ó ní bàbá òun kò níwèé nítorí kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ rí. Ó ti pẹ́ nílùú débi pé ó rò pé ojú tó mọ òun ti tó. Ẹnì kan wá bá a pé òun lè bá a rí ìwé kíákíá, ó sì sanwó fún un. Ìwé náà kò já mọ́ nǹkan kan. Owó tí ìbá fi kó ẹrù rẹ̀ ti wọgbó, inú ọkọ̀ akẹ́rù ẹlòmíràn ni wọ́n rún ara wọn mọ́ títí dé Nàìjíríà.

Màmá kọjú sí ọkọ mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwé èké máa ń sinni dé ẹnu ibodè. Kì í báni kọjá."

Ọkùnrin náà bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. A pe Ẹ̀gbọ́n, a ní kó fún wa lọ́dún kan sí i. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ọmọ wa àgbà sì sunkún. Láti oṣù tó tẹ̀ lé e, bí a bá ti kó èsúsú wa lọ́dọ̀ alájọ, báńkì là ń gbé e lọ lọ́jọ́ kejì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Owó náà kò pọ̀ lójú, ṣùgbọ́n oṣù kọ̀ọ̀kan jẹ́rìí sí èkejì. Ìdádúró náà ná wa ní 45 yúrò, nítorí ọmọ wa kékeré ti pé ọdún 6 kí a tó kọ̀wé.

Ọdún náà fún mi láyè láti ṣe ètò yòókù dáadáa. Òfin ní kí a ra adójútòfò tó lè san ó kéré tán 30,000 yúrò bí àìsàn bá dé, kí ó sì gbéṣẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ Schengen. Mo ka ìwé rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì rí i pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń san owó ìpalára lórí yìnyín. Ẹni tó bá ṣubú lórí òkè lè jẹ́ hẹlikọ́pítà ló máa gbé e, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Mo fi owó kún un, mo gba èyí tó dárúkọ síkì. N kò ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Mo kàn gba àyè sílẹ̀ títí físà yóò fi jáde. Bàtà síkì, pákó àti akoto, a máa háyà wọn níbẹ̀. Láti Geneva, ọkọ̀ ojú irin máa gbé wa dé Sion, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè á sì máa gbé wa lọ sókè ní Nendaz. Ojú ọ̀nà tí wọ́n fi àwọ̀ búlúù sàmì sí ni ti akọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá ń wá dúdú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ń wá wàhálà.

Kantamanto, ọjà òkìrìkà ńlá ní Accra, ni mo ti ra ẹ̀wù òtútù. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe òkìrìkà ní obroni wawu, ìyẹn "òyìnbó ti kú". Ẹ̀wù yìnyín pọ̀ níbẹ̀, àwọn olùrà kì í sì í yà sọ́dọ̀ wọn nínú oòrùn yẹn. Ìyá tó tà á fún mi béèrè bóyá ara mi yá.

Wọ́n fún wa ní físà, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi tó gba ọ̀nà ọkùnrin yẹn kò rí tirẹ̀ gbà, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì máa wà nínú kọ̀ǹpútà tí àwọn orílẹ̀-èdè Schengen jọ ń lò fún ọdún 5. N kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà fọwọ́ sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ìwé ìrìnnà wa dé, mo gbé físà fún Màmá kó wò ó. Kò wò ó pẹ́. Ó ní kí n mú káàdì ìgbélùú wá. Ó dì í mú, ó fi àtàǹpàkò ra ojú rẹ̀ síwá sẹ́yìn, kò sì sọ̀rọ̀.

Ọmọ wa àgbà wọ ẹ̀wù Kantamanto wọlé, òógùn bò ó. Ó ní, "Màmá àgbà, mo máa gbé yìnyín wá fún yín."

Màmá dá káàdì padà fún mi. Ó ní, "Ìwọ ṣáà padà wá."