Ìròyìn Tàbí Iṣẹ́ Ọnà: Èwo Ni Kí N Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù?

Mo mọ̀ pé ìdúró lẹ máa ń ka pátákó yìí, àwọn mìíràn pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, nítorí náà mi ò ní fi yín dúró pẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí a ti wọ SS3, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kí fọ́ọ̀mù JAMB tó dé ọwọ́ wa.

Ẹ rántí ọjọ́ tí olùkọ́ kíláàsì wa ní kí kálukú dìde sọ ohun tó fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì. Dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà, dókítà, nọ́ọ̀sì, dókítà. Ó kàn mí. Mo ní, "Mass Communication àti Fine Arts, sà." Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ṣé o fẹ́ máa ya ìròyìn ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo ro ìbéèrè yẹn títí, mo rí i pé ohun tí mo fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. Mo fẹ́ máa ya ìròyìn.

Kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ wa. Kí àwọn bàbá wa tó mọ ìwé kọ, àrokò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Tí ẹnì kan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ̀fà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkàn mi fà sí ọ. Tí onítọ̀hún bá dá ẹyọ mẹ́jọ padà, ẹ̀jọ nìyẹn, ọ̀rọ̀ wa jọ ara wọn. Ọ̀rọ̀ ti parí, kò sí ẹni tó kọ lẹ́tà. (Ẹ̀yin tí ẹ ń fi bébà ránṣẹ́ nígbà tí olùkọ́ Máàsì bá kọ ojú sí bọ́ọ̀dù, ẹ lọ kọ́gbọ́n.) Ẹ tún wo aṣọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà lára rẹ̀. Obìnrin tó fi ìyẹ́ adìyẹ ya òpó yẹn sí ara aṣọ, ṣé iṣẹ́ ọnà ló ń ṣe ni, àbí ìròyìn ìlú rẹ̀ ló ń sọ? Lójú tèmi, méjèèjì ni.

Ìgbà tí a wá dé yunifásítì ni wọ́n pín in sọ́tọ̀. Ní Ìbàdàn, ẹ̀ka kan wà tí wọ́n ń pè ní Communication and Language Arts. Ní Yunifásítì Èkó, Mass Communication ni, ọdún 1966 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń wá ìròyìn, bí a ṣe ń kọ ọ́, bí a ṣe ń ka ìròyìn lórí rédíò, bí a ṣe ń polówó ọjà, àti òfin tó de akọ̀ròyìn. Fine Arts yàtọ̀. Ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n ń kọ́ nípa àwòrán kíkùn, ère, amọ̀ mímọ, aṣọ, àti graphics, èyí tó jẹ mọ́ ìwé ìpolówó àti ẹ̀yìn ìwé. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Yábàá náà wà nítòsí wa níbí. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù JAMB kò mọ̀ pé ohun méjì wà nínú mi. Ohun kan péré ló ní kí n kọ sí ipò àkọ́kọ́.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá bàbá mi. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ni bàbá mi ní ní Ṣómólú. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú á mọ ohun tí mò ń sọ: láti òpópónà ni ìwọ á ti máa gbọ́ òórùn íǹkì, ẹ̀rọ á máa dún látàárọ̀, àwọn ọmọkùnrin á máa ru bébà lórí sáré kiri bí ẹni pé bébà náà fẹ́ bàjẹ́. Wọ́n ń tẹ kàlẹ́ńdà, ìwé ìkésíni, ìwé ètò ìsìnkú, gbogbo rẹ̀. Bàbá mi gbọ́ mi tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní:

"Ọmọ mi, àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣe dìsáìnì, ta ló lọ yunifásítì nínú wọn? CorelDRAW ni wọ́n mọ̀. Wọ́n ń jẹun. Kí ni nǹkan tí o fẹ́ fi ọdún mẹ́rin lọ kọ́ tí o ò ní rí kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, mo sì lọ sùn. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù yẹn yára ju mi lọ fíìfíì.

Èsì tí mò ń wá, inú àṣìṣe mi ni mo ti rí i, ẹ̀yin náà sì mọ̀ nípa àṣìṣe ọ̀hún. Ní tááàmù tó kọjá, mo ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan sí orí pátákó yìí. Ọmọkùnrin kan ló ń fo fẹ́ǹsì nígbà tí agogo ti lù, àpò rẹ̀ há sórí irin, bàtà rẹ̀ lanu bí ẹja. Mo kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé "Ọ̀gá Apẹ́lẹ́yìn." Mi ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bàtà yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló ní irú rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ wa, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n. Ẹ rẹ́rìn-ín gan-an. Wọ́n ń pè é ní Ọ̀gá Apẹ́lẹ́yìn láti géètì títí dé kíláàsì. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo dúró lẹ́yìn èrò, mo ń ka iye ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, kò wá. Lọ́jọ́ kẹta, kò wá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, mo ní kí ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sí ilé wọn lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. A bá a níta, ó ń di iṣu sínú apẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń dun ìyá rẹ̀, òun ló máa ń ru ọjà ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà láàárọ̀ kí ó tó wọ yúnífọ́ọ̀mù. Tí ọkọ̀ bá ti dí ojú ọ̀nà, ó parí nìyẹn, agogo á ti lù.

Mo rò pé yóò bínú sí mi. Kò bínú. Ó ní, "Àwòrán ẹ dáa o. O ya bàtà mi dáadáa." Ó wá dákẹ́ díẹ̀. "Ṣùgbọ́n o ò bi mí."

O ò bi mí. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Mo bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i níbí, níwájú gbogbo yín, nítorí pé níwájú gbogbo yín ni mo ti ṣẹ̀ ẹ́. (Ó ti gbà kí n kọ ìtàn yìí. Ó ní kí n má ṣáà kọ orúkọ òun. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí orúkọ yẹn ti parí.)

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá ìwé kà nípa àwọn tó ń ya àwòrán sínú ìwé ìròyìn. Ọ̀kan nínú wọn ni Akinọla Laṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀. Inú West African Pilot, ìwé ìròyìn tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní ọdún 1937, ló ti ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba lé wa lórí. Ìjọba òyìnbó gan-an ló ń fi àwòrán bá wí. Ẹni tí kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tó bá wo àwòrán náà, ọ̀rọ̀ á yé e. Mo wá fi tèmi wé tirẹ̀. Laṣekan ya àwọn alágbára, àwọn tó ní ọlọ́pàá, tó ní kóòtù, tó lè fèsì. Èmi ya ọmọ tí kò ní bàtà méjì. Gègé la jọ ń lò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà kọ́ là ń ṣe.

Mo tún kà nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Zaria, Uche Okeke, Bruce Onobrakpeya, Yusuf Grillo, Demas Nwoko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ní 1958, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ọnà òyìnbó nìkan ni wọ́n ń kọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mú ohun tó dára nínú tòyìnbó, kí àwọn sì fi kún ohun tí àwọn bá nílé. Wọ́n bèèrè ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, wọ́n sì ń bi àwọn olùkọ́ wọn ní ìbéèrè. Grillo padà wá di olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yábàá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Onobrakpeya kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama St. Gregory's ní Èkó níbí.

Nígbà tí mo ka ìyẹn, yàrá Fine Arts tiwa ló wá sí mi lọ́kàn. Láti SS1 tí olùkọ́ wa ti lọ, kò tíì sí ẹni tó rọ́pò wọn. Àga tó kán la ń kó síbẹ̀ báyìí. Mi ò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni o. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yunifásítì tó ń kọ́ni ní Fine Arts ló ń béèrè kírẹ́díìtì nínú rẹ̀, àwa mẹ́ta la sì fẹ́ ṣe é ní WAEC. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó.

Mo padà lọ bá bàbá mi. Mo sọ ìtàn bàtà yẹn fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò fi ọ̀kan pamọ́. Mo ní, "Dádì, CorelDRAW ò sọ fún mi pé kí n bi í." Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá sọ fún mi pé nígbà kan, àwọn tẹ ìwé ètò ìsìnkú fún ìdílé kan, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, àwòrán àbúrò òkú ni wọ́n sì fi sí iwájú ìwé. Àbúrò ọ̀hún ṣì wà láàyè. Ọmọ tó ṣe dìsáìnì rí àwòrán méjì nínú fóònù, ó mú èyí tó mọ́lẹ̀ jù. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ kì í bèèrè. Ohun tí a bá fún un ló máa tẹ̀." Wọ́n tún awò ojú wọn wọ̀. "Tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn láti bèèrè lo fẹ́ lọ, ó dáa. Ti owó rẹ̀, a jọ máa rò ó. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìsinmi, ṣọ́ọ̀bù ni mo ti fẹ́ máa rí ọ."

Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo pinnu nìyí. Mass Communication ni mo máa kọ sí ipò àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé mo ti kọ àwòrán sílẹ̀. Ọwọ́ mi ti mọ àwòrán díẹ̀, ẹnu mi ni kò tíì mọ ìbéèrè, ibi tó sì kù sí ni èèyàn ń lọ kọ́. Màá ṣe Fine Arts ní WAEC bí àyè bá wà, kí ilẹ̀kùn yẹn má baà tì. Olùkọ́ wa kan ti sọ fún mi pé ẹni tó bá lé eku méjì á pa òfo. Ẹ má bínú, mà, eku kan ni mò ń lé. Ìrù rẹ̀ ló gùn.

Ẹ wo abẹ́ ìwé yìí. Ẹ máa rí àwòrán tuntun kan, ọmọkùnrin kan tó ru apẹ̀rẹ̀ iṣu nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́. Mo bi í kí n tó yà á. Mo bi í bóyá kí n tún bàtà náà ṣe nínú àwòrán. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rárá, kí n yà á bó ṣe wà.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àwòrán yíyà, ì báà jẹ́ JSS1, ká pàdé ní yàrá Fine Arts lọ́jọ́bọ̀ lẹ́yìn ìparí ẹ̀kọ́. Ẹ mú pẹ́ńsù dání. A máa kọ́kọ́ kó àwọn àga yẹn kúrò.