Aago Tó Dúró ní Yàrá Ìyá Mi

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú ìyá mi, yàrá rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ ṣì wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Àwo tánganran gun ara wọn títí dé ojú fèrèsé. Agolo mílíìkì, ike tí kò ní ìdérí, páálí tó kún fún ìwé owó iná, aago ògiri tó ti dúró sí agogo méjì ààbọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ká pe àwọn tó ń ra kóńdẹ́mù. Mo gbà. Nígbà tí wọ́n ti kẹ̀kẹ́ wọn dé ẹnu ọ̀nà, èmi kan náà ni mo ní kí wọ́n máa lọ.

Àwọn ará ilé a máa ní ìyá mi fẹ́ràn ìkójọ. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mí, torí mo mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọjà ló ń tà nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí à ń pè ní SAP wọlé ní 1986, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, tí ohun tí ènìyàn rà lánàá ti kọjá agbára rẹ̀ lónìí. Agolo tó ṣófo lójú tiwa, òṣùwọ̀n gàrí ni lójú tirẹ̀. Aṣọ tó ti bá a lára pẹ́ ńkọ́? Kò jẹ́ sọ ọ́ sí ààtàn, torí kò mọ ọwọ́ tí yóò bọ́ sí. Ẹ̀rù ebi àti ẹ̀rù ayé ló kó gbogbo ẹrù yẹn jọ, n kò sì lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Tèmi gan-an ló ṣòro láti mọ̀. Kí ló dé tí mo dá oníkóńdẹ́mù padà?

Àkó ló wá sí mi lọ́kàn. Ní Ọ̀wọ̀ àtijọ́, bí ẹni ńlá bá kú tí àwọn ọmọ sì lágbára, wọ́n a ṣe ìsìnkú kejì tí à ń pè ní àkó. Agbẹ́gilére yóò gbẹ́ ère tó tó ènìyàn, tí ojú rẹ̀ jọ ti olóògbé. Wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ olówó iyebíye, wọ́n á gbé e jókòó kí tẹbí tará wá wò ó, wọ́n á gbé e yí ìlú ká, kí wọ́n tó lọ sin ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún kọ̀wé lé e lórí ní 1976. Ohun tó wọ̀ mí lára níbẹ̀ ni pé ojú ti rí ẹni tó ń lọ títí ó fi tó o, kí ilẹ̀ tó bò ó. Àwa ọmọ ìsinsìnyí, a wọ aṣọ ẹbí, a tú kánópì, a ti ilẹ̀kùn yàrá pa. Yàrá yẹn wá di àkó tí ẹnikẹ́ni kò gbé lọ sin.

Àbúrò ìyá mi tó wà nílé ọkọ ní Ìfọ́n, nílẹ̀ Ọ̀sẹ́, ló bá mi yanjú rẹ̀. Ó wọkọ̀ wá láàárọ̀ Sátidé kan, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó ní ká máa gbé ẹrù wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ta ló rà á? Kí ló fi ń ṣe?" Bí a bá ti sọ ìtàn rẹ̀ tán, yálà kó di ti ẹnìkan nínú wa, tàbí kó bọ́ síta. Ó kan agolo kan, n kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó wò mí títí.

"Ọmọ mi, o rò pé bí agolo yìí bá jáde, àǹtí mi náà jáde nìyẹn?"

Omijé bọ́ lójú mi níwájú àwọn ọmọ mi. Marie Kondo, ará Japan tó gbajúmọ̀ káyé lórí títún ilé ṣe, ń kọ́ni pé kí ènìyàn dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹrù kó tó yọ̀ǹda rẹ̀. Àbúrò ìyá mi kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Nísàlẹ̀ àpótí irin la ti bá aṣọ tí ìyá ìyá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun, nígbà tí àwọn obìnrin Ọ̀wọ̀ ṣì ń na òfì mọ́ ògiri ilé. Òórùn káńfọ̀ gbà á kan, etí rẹ̀ ti ń tú, ṣùgbọ́n aró rẹ̀ kò ṣí. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbà á. Àwọn èyí tó ti gbó di akísà, a kò kó wọn fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìnkùlé la ti sun wọ́n, bí ìyá mi ìbá ti fẹ́. Nírọ̀lẹ́, àwọn oníkóńdẹ́mù padà wá kó agolo.

Aago yẹn nìkan ni mo yọ sílẹ̀. Ó wà lórí tábìlì tí mo ti ń kọ̀wé yìí. N kò tíì ra bátìrì sí i.