Ọ̀nà Tí Ọkọ̀ Kì Í Gbà

Ta ló ń gun kẹ̀kẹ́ ní títì Ìbàdàn? Nígbà tí a wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ọkọ̀ akérò kan gbá ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta dànù lórí kẹ̀kẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kàn án mọ́. Ìgbà tí a wá lọ kọ́ Faransé ní Toulouse, tí a ní ká yá kẹ̀kẹ́ lọ sí etí Canal du Midi, ìjà dé. "Mi ò lọ o!"

A bẹ̀ ẹ́ títí, ó gbà. Odò àtọwọ́dá ni, ó gùn tó kìlómítà 240. Pierre-Paul Riquet ló kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ láti gbẹ́ ẹ ní ọdún 1667. Ó kú ní 1680, wọ́n ṣí i ní 1681. Kò jẹ níbẹ̀! Etí omi tí ẹṣin ń gbà fa ọkọ̀ ojú omi láyé àtijọ́ ni àwa gùn gba.

Fún bíi wákàtí kan, ọ̀rẹ́ wa ṣáà ń bojú wẹ̀yìn. Kò sí họ́ọ̀nù, kò sí kọ́ńdọ́ ọ̀tọ̀. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́, àfi pẹ́pẹ́yẹ. Bàbá àgbàlagbà kan kí wa "Bonjour", a sì fẹ́ kúnlẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Díẹ̀ ló kù ká já sómi.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, òun ló ṣíwájú. A pariwo pé kó dúró dè wá. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.