Iṣẹ́ Wa, Láti Orí Dé Ẹ̀jẹ̀

Orí ni àwọn tó dá iṣẹ́ wa, ìmọ̀ nípa ara àti ìran ọmọ èèyàn, sílẹ̀ ń wọ̀n. Wọ́n á gbé irin lé agbárí òkú, wọ́n á kọ ìbú àti òòró rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì tibẹ̀ pín ọmọ aráyé: tiwọn lókè, tiwa nísàlẹ̀. Èmi ò pe ìyẹn ní ìmọ̀. Franz Boas, tí òun náà ń wọn orí, ló fi hàn ní 1911 pé orí àwọn ọmọ tí àwọn àjèjì bí sí Amẹ́ríkà kì í rí bákan náà pẹ̀lú tàwọn òbí wọn.

Lẹ́yìn náà ló kan ẹ̀jẹ̀. Ludwik Hirszfeld àti ìyàwó rẹ̀, Hanka, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ogun tó kóra jọ sí Salonika wò nígbà ogun àgbáyé kìíní, láti mọ bí tìran kan ṣe yàtọ̀ sí tòmíràn.

Fòníkúfọ̀ladìde ló fa èmi wọ iṣẹ́ yìí. Ta ló fẹ́ gbéyàwó nílẹ̀ wa tí kò mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní AA, AS àti SS? Ní 1954, Anthony Allison fi hàn ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà pé ibà kì í lè ṣe ọmọ tó jẹ́ AS bó ṣe ń ṣe AA. Ní 1958, Frank Livingstone so ẹ̀jẹ̀ AS mọ́ oko dídá ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà: wọ́n ṣán igbó, oòrùn wọlé, omi dárogún, ẹ̀fọn rí ibi yé sí, ibà gbilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn sì yí padà tẹ̀ lé e. N ò tíì ka àlàyé tó dùn mọ́ mi tó yẹn. Àdá àti ọkọ́ ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa!

Lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ ló kan DNA inú rẹ̀. Iṣẹ́ HapMap, tó ń wá ìyàtọ̀ inú DNA àwọn èèyàn, bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Ìbàdàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú Tokyo, Beijing àti Utah. Láti Ìbàdàn, ọgbọ̀n ìdílé ni: bàbá, ìyá, ọmọ kan, 90 èèyàn lápapọ̀. Charles Rotimi wà lára àwọn tó ṣáájú iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn. Òbí àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹni tó bá fẹ́ fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ Yorùbá.

Àwa náà tẹ̀ lé òfin yẹn níbi iṣẹ́ tiwa. Ìyá àgbà kan wò mí títí, ó ní, “Dókítà, ọmọ mi, ẹ ní ẹ ò ní kọ orúkọ mi. Kí wá lẹ fẹ́ fi ìlú ìyá ìyá mi ṣe?”

“Màámi, bí ọ̀kan nínú wọn ò bá jẹ́ Yorùbá, a ò lè kà á mọ́ tiwa.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní Tápà ni ìyá ìyá òun. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ẹnu rẹ̀ jinlẹ̀ ju tèmi lọ.

Nínú yàrá àyẹ̀wò, ẹ̀jẹ̀ Tápà ò yàtọ̀ lójú. Bí a bá da ọtí líle tó tutù sí i lẹ́yìn tí a ti fọ̀ ọ́ mọ́, DNA á yọ jáde, funfun, bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ran.

Àkọsílẹ̀ DNA àwọn Yorùbá wà lára ohun tí wọ́n fi rí àyípadà méjì nínú jíìnì APOL1 ní 2010. Àwọn àyípadà náà wọ́pọ̀ láàárín wa, wọ́n sì ń pa ẹ̀yà kan lára kòkòrò àrùn oorun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, tó gba ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, kíndìnrín rẹ̀ wà nínú ewu. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ irú wọn ló ń gbó, ló ń tọ́ láìsí àìsàn kíndìnrín kankan. Kí ló dá wọn sí? Ohun tí mò ń wá báyìí nìyẹn.